Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi ní Peckham, Oṣù Keje Ọdún 2005

Ìwé jọ́tà kékeré kan ni mo rí nísàlẹ̀ àpótí lọ́jọ́ tí a ń palẹ̀ ilé mọ́. Díẹ̀ ló kù kí n jù ú nù. Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò mi àkọ́kọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ló wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ síbí, mo kàn yọ ọ̀rọ̀ ẹbí àti ìṣirò gbèsè kúrò ni. Níbi tí nǹkan bá ti yí padà, mo fi í sínú àkámọ́ nítorí ẹ̀yin tó ń múra àtilọ.

Ọjọ́rú, 6 oṣù keje

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ ní Heathrow. Ọ̀gá tó ń wo ìwé ìrìnnà bi mí pé ọjọ́ mélòó ni mo fẹ́ lò, mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tọ́ka sí báàgì tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó ní kí ló wà níbẹ̀. Mo ní ìwé, súwẹ́tà, kúlíkúlí àti gàrí Ìjẹ̀bú. Ó ní kí n máa lọ.

Ẹ̀yin tó bá ń lọ sí ìhà Peckham, ẹ má jẹ́ kí onítakisí gbé yín. Ẹ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly dé Hammersmith. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ kàn sọdá sí òdìkejì pèpéle náà ni, ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn kankan. Ọkọ̀ District á gbé yín dé Victoria. Bọ́ọ̀sì 36 wà níta níbẹ̀, Peckham ló ń lọ tààrà. Ẹ má sì wulẹ̀ yí aago yín padà tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nítorí aago tiwọn àti tiwa kì í yàtọ̀ nígbà náà. Òtútù ni kì í ṣe bákan náà. Oṣù keje rèé, mo wọ súwẹ́tà.

Sístà Bọ́lá ti se ìrẹsì sílẹ̀ pẹ̀lú ata díndín. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé wọn, àjà kẹta, káńsù (ìjọba ìbílẹ̀ wọn) ló nilé. Pálọ̀ ni mo sùn sí. Lọ́sàn-án, tẹlifíṣọ̀n kéde pé Lọ́ńdọ̀nù ló gba Òlíḿpíìkì 2012 mọ́ Paris lọ́wọ́. Àwọn èrò tó wà ní Trafalgar Square ń fò sókè, bébà wẹ́wẹ́ ń já bọ́ lé wọn lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ń bó èèpo ẹ̀wà. Wọ́n wò ó fírí, wọ́n ní, "Owó orí ilé wa ni wọn ó fi kún báyìí."

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù keje

Ètò mi ni pé n ó lọ wo orí idẹ Ifẹ̀ ní British Museum. Ẹ̀gbọ́n mi ti jáde láti aago mẹ́rin òru. Ọ́fíìsì kan ní Holborn ni wọ́n ń gbá títí di aago mẹ́jọ, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ sí ilé àwọn arúgbó kan ní Camden, níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n sì ń fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n ti kọ ọ̀nà sí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà kan fún mi: wọ 63, sọ̀kalẹ̀ ní Farringdon, béèrè.

Aago mẹ́sàn-án kọjá dáadáa kí n tó wọ bọ́ọ̀sì. Owó rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan àti 20 pẹ́ńsì; mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, inú mi bàjẹ́. (Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ti dẹ́kun àtigba owó lọ́wọ́ láti 2014. Káàdì ni, ẹ má lọ dúró níwájú awakọ̀ kẹ́ ẹ máa tú àpò.) Nígbà tí a dé Elephant and Castle, awakọ̀ ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, òun ò lọ mọ́. Obìnrin kan tó gbé fóònù sétí ní iná mànàmáná ló ṣe jàǹbá fún ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Àwa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa orúkọ NEPA dà sí PHCN fún ní oṣù méjì sẹ́yìn! Mo sọ ọ́ jáde lédè wa pé, "NEPA ti bá wa dé ibí o." Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì kan náà ti fò sókè." Ọmọ Ọ̀ṣogbo ni. N kò tún rí i mọ́.

Mo ronú pé bóyá ẹsẹ̀ á gbé mi débẹ̀, mo bá kọjú sí ọ̀nà odò. Lórí afárá Blackfriars ni mo ti pàdé wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí, nítorí òun ni mo ṣì máa ń rántí. Èrò kún ojú ọ̀nà bí èrò ọjà Bódìjà lọ́jọ́ tó bá kún, gbogbo wọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo. Ìró bàtà nìkan lò ń gbọ́. Obìnrin tó wọ kóòtù ọ́fíìsì gbé bàtà gíga rẹ̀ sọ́wọ́, ó fi kánfáàsì tuntun rìn. Bébà iye owó ṣì lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ ọ̀kan. Ẹnì kan gbé tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó to ife omi sí i, kò sì gba kọ́bọ̀. Mo yí padà, mo bá wọn rìn.

N ò ní fóònù. Ìlà gùn níwájú àpótí fóònù tó wà lójú pópó, àwọn tó sì ní fóònù alágbèéká náà wà níbẹ̀, nítorí kò lọ mọ́. Nígbà tó kàn mí, mo rí i pé owó bébà nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Bàbá òyìnbó kan tó wà lẹ́yìn mi na owó ẹyọ sí mi, kò tiẹ̀ dúró gba ẹ ṣeun. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi kò wọlé.

Bí mo ṣe ń ṣílẹ̀kùn ni fóònù ilé ń dún. Ìyá wa ni, láti Ìbàdàn. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò kí èmi tí mo wà níbẹ̀ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Wọ́n ní, "Bọ́lá dà?" Mo ní wọ́n wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní, "Dèjì, mi ò bi ẹ́ léèrè ibi iṣẹ́. Ṣé o ti gbọ́ ohùn ẹ̀?" Mo ní rárá. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbé fóònù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ń lọ.

Aago mẹ́fà àbọ̀ ni Sístà wọlé. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Camden dé Elephant, ó ju wákàtí méjì lọ, kí wọ́n tó rí bọ́ọ̀sì, torí ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ìlú. Mo gbé omi gbígbóná oníyọ̀ wá fún ẹsẹ̀ wọn. Mo bi wọ́n báwo ni ti ilé àwọn arúgbó. Wọ́n ní ìyá kan wà níbẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí Jámánì ń ju bọ́ǹbù lu ìlú ní 1940. Gbogbo ohun tí ìyá náà ń béèrè láti àárọ̀ ni ìdí tí tíì rẹ̀ fi pẹ́.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni bọ́ǹbù mẹ́ta bú nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀: ọ̀kan nítòsí Aldgate, ọ̀kan ní Edgware Road, ọ̀kan láàárín King's Cross àti Russell Square. Nígbà tí aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú 13, ẹ̀kẹrin bú nínú bọ́ọ̀sì 30 ní Tavistock Square. (Nígbà tí wọ́n ka òkú tán, ènìyàn 52 ni, yàtọ̀ sí àwọn mẹ́rin tó gbé bọ́ǹbù náà. Àwọn tó fara pa lé ní 700.) Láti Tavistock Square sí British Museum tí mò ń lọ, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù keje

Ariwo áyọ́ọ̀nù ló jí mi, tí omi ń ta lára aṣọ gbígbóná. Aago mẹ́ta àbọ̀ òru. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ aṣọ iṣẹ́ wọn.

Mo ní, "Sístà, ẹ ò lè sinmi lónìí?"

Wọ́n ní, "Dèjì, káńsù ò mọ bọ́ǹbù. Ọjọ́ owó ilé ni wọ́n mọ̀."

Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Ènìyàn bí mẹ́jọ ti wà níbẹ̀, dúdú ni gbogbo wọn àfi ọkùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n mi ní ó wá láti Kòlóḿbíà. Wọ́n kí ara wọn bí àwọn tó máa ń pàdé lóru lójoojúmọ́. Ìyá kan láti Gánà ní ọmọ òun ní kí òun má jáde, òun sì bi í pé ṣé ó ti rí iṣẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, mo ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó gun òkè. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn fún ara wọn mọ́, àwọn kan dúró, òkè sì ṣófo pẹ̀lú iná rẹ̀ títàn.

Ìwé ìròyìn tí mo rà lọ́sàn-án kún fún ọ̀rọ̀ ìgboyà ará Lọ́ńdọ̀nù. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi ti rí àwọn tó kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, n ò sì rí fọ́tò wọn níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù keje

Rye Lane, òpópónà ọjà ní Peckham. Ẹni tí àárò ilé bá ń sọ kó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Iṣu Gánà wà, ọ̀kan tó tóbi díẹ̀ ń lọ ní pọ́n-ùn mẹ́rin nígbà náà. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ di náírà, ẹ ò ní jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ dà. Ata rodo, ewédú gbígbẹ, pọ̀nmọ́, ìgbín inú nylon, gbogbo rẹ̀ pé.

Ará Afganísítàn ni alápatà tí ẹ̀gbọ́n mi ń bá rà. Ó gbọ́ Yorùbá tó lè fi tajà. Bó ṣe rí wa ló ké pé, "Màmá, ṣàkì wà! Dáadáa!" Ìyá kan ti wà níwájú wa tí wọ́n ń ná bọ̀kọ́tọ̀, wọ́n yí i sókè sódò, wọ́n ní irun rẹ̀ kò jó dáadáa. Alápatà ní ó jó. Wọ́n ní kò jó. Ó yọ 50 pẹ́ńsì kúrò. Wọ́n ní kó yọ pọ́n-ùn kan. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi fi igbọ̀nwọ́ gún mi, wọ́n fi ojú tọ́ka sí ọmọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gé egungun lẹ́yìn. Irùngbọ̀n rẹ̀ kún ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní. Ó ti fá a báyìí. Àgbọ̀n rẹ̀ funfun ju ìyókù ojú rẹ̀ lọ, abẹ sì ti gé e níbi méjì.

Nígbà tí a fẹ́ sanwó, Sístà bi í léèrè pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Ó ní, "Àlàáfíà, Màmá." Ó wá fi ìdè fùkù kan kún ẹran wa tí a ò béèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù keje

Ṣọ́ọ̀ṣì ní Old Kent Road, nínú ilé tó ti jẹ́ ilé ìkẹ́rù-sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí gba wákàtí kan gbáko. Ẹnì kan ní ọkọ̀ tó bú ló yẹ kí òun wọ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ sọnù mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹnì kejì ní ọmọ òun ló bì sí òun láṣọ. Ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ náà, ṣùgbọ́n kò dé inú mi. Àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wọn kò sọnù ńkọ́? N ò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí a ń rìn bọ̀ wálé ni àwọn fúnra wọn ní, "Ẹ̀rí tòní pọ̀ jù."

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù keje

Òjò ò rọ̀, a ò sì jáde. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyá kan gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ dání nítòsí Tavistock Square. Marie Fatayi-Williams ni, láti Nàìjíríà ló ti wá, Anthony ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ẹni ọdún 26 ni kò tíì rí láti Ọjọ́bọ̀. Ó sọ̀rọ̀ láìwo ilẹ̀. Ó ń béèrè ibi tí ọmọ òun wà, ó sì ń béèrè pé ẹ̀jẹ̀ mélòó ni wọ́n tún fẹ́ ta sílẹ̀. Aládùúgbò wa ìsàlẹ̀, Ìyá Kẹ́mi, gòkè wá láì kan ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó sórí apá àga, wọ́n ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi pa iná ọbẹ̀. Ìgbà tí obìnrin náà sọ̀rọ̀ tán ni ẹnikẹ́ni tó mira. (Anthony wà nínú bọ́ọ̀sì 30. Ó ti kú.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù keje

Ọlọ́pàá ní láti ìhà Leeds ni àwọn tó gbé bọ́ǹbù náà ti wá, pé ọmọ bíbí ilẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù keje

Mo dé British Museum wàyí. Ọ̀fẹ́ ni àtiwọlé, ẹ rántí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tú báàgì mi, ó bá nylon kúlíkúlí, ó fi ìka kan yí i. Ó bi mí bóyá èèyàn máa ń jẹ ẹ́. Mo fún un ní ọ̀kan, ó dúpẹ́, ó fi í sápò.

Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kó ohun Áfíríkà sí. Orí idẹ náà wà nínú gíláàsì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ láti òkè dé àgbọ̀n, adé lórí. Ní 1938 ni wọ́n wú u jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀; ọdún kejì ló ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo kí i. Ọmọ ilé-ìwé kan wò mí, ó wo orí, ó tún wò mí.

Kí ó tó lu aago méjìlá ni gbogbo wa jáde sí àtẹ̀gùn iwájú. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ní kí ìlú fi dákẹ́. Bọ́ọ̀sì dúró síbi tó wà, takisí paná ẹ́ńjìnnì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilé kan lódìkejì ṣí akoto wọn. Mo gbọ́ ẹyẹlé tó ń fi ẹnu họ nylon. Nígbà tí ìṣẹ́jú méjì pé, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rìn. Ìgbà tí ọmọ ọwọ́ kan ké ni gbogbo wa tó tú ká.

Mo fẹ́ wo King's Cross, mo sì ṣìnà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi tépù dí. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tó ń jẹ búrẹ́dì fi oúnjẹ rẹ̀ sápò, ó sìn mí kọjá òpópónà mẹ́ta. Òdòdó kún ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè. Ara ògiri ló le jù fún mi: bébà fọ́tò àwọn tí wọ́n ń wá, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbi ìgbéyàwó, ẹni tó gbé ife ọtí dání, nọ́ńbà fóònù nísàlẹ̀. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n á dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún yára.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù keje

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsí nǹkan tó yẹ kí n kọ, àfi pé mo jẹ búrẹ́dì púpọ̀ jù.

Lónìí, mo wà nínú 36 láti Victoria, báàgì ẹ̀yìn mi lórí itan, nígbà tí awakọ̀ dá wa dúró ní Vauxhall. Àwọn mìíràn tún ti gbìyànjú láti ju bọ́ǹbù: Shepherd's Bush, Warren Street, Oval, àti bọ́ọ̀sì 26 ní Hackney. Ohun tí wọ́n fi ń tan bọ́ǹbù náà ró, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù gan-an kò bú. Oval ni bọ́ọ̀sì wa ìbá gbà kọjá. Mo fẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ sí Camberwell, mo wọ bọ́ọ̀sì mìíràn níbẹ̀. Obìnrin kan jókòó tì mí, ó wo báàgì, ó dìde, ó lọ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. N kò bínú sí i. Èmi náà ti wo báàgì ọmọ Íńdíà kan bẹ́ẹ̀ láàárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù keje

Ọlọ́pàá yìnbọn pa ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní Stockwell. Stockwell kò jìnnà sí wa rárá. Nígbà tí mo máa fi jí lójú oorun ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi ti kó gbogbo ẹrù inú báàgì mi sórí tábìlì: ìwé, súwẹ́tà, kúlíkúlí tó kù. Wọ́n kó wọn sínú nylon ọjà tí èèyàn lè rí inú rẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí ni o máa gbé. Bí wọ́n bá pè ọ́, dúró. Má sáré fún ẹnikẹ́ni, kódà kí bọ́ọ̀sì fi ọ́ sílẹ̀."

(Ọjọ́ kejì ni ọlọ́pàá gbà pé ọkùnrin náà, Jean Charles de Menezes, ọmọ Brazil, kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe. Ẹni ọdún 27.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù keje

Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly kò tíì kọjá Hyde Park Corner wọ àárín ìlú, ṣùgbọ́n ìhà Heathrow ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọn ẹrù yín nílé kẹ́ ẹ tó jáde. Kìlò mẹ́fà ni tèmi fi lé; mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ pápákọ̀, mo ń yọ bàtà àti ṣáḿpù níwájú èrò, arákùnrin kan tó ń lọ sí Kánò ní báàgì òun ṣófo, ó bá mi gbé bàtà méjì. Ó fún mi padà ní Lagos, ó ti fi nylon dì í.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sìn mí. Aago mẹ́rin òru ni wọ́n jáde bí ìṣe wọn. Mo bá oúnjẹ lórí sítóòfù, pọ́n-ùn mẹ́wàá lábẹ́ ife, àti bébà tí wọ́n kọ ọ̀nà sí, bí ẹni pé n ò tíì mọ̀ ọ́n: 36, Victoria, Hammersmith, sọdá. Báàgì ẹ̀yìn mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ti kó aṣọ ìdọ̀tí kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ibi ìfọṣọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo fi í sílẹ̀ fún wọn.